Ọkọ̀ Tó Ń Falẹ̀ Lọ́sàn-án

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ni mo yin ọta sí, kò sì sí ìkankan tó rì nínú wọn. Gbogbo bí mo ṣe ń yìn ín, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbà kọjá, ọkọ̀ á sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Àǹtí Ṣọlá, tí wọ́n ni ọ́fíìsì náà, dúró sẹ́yìn àga mi, wọ́n ká apá méjèèjì mọ́ àyà.

"Bùnmi, ṣé o tiẹ̀ ti rí òkun rí?"

"Mo ti rí i, ma. Láti orí afárá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mi ò fẹ́ràn kí nǹkan máa kọjá lójú mi kí n má mọ ìdí rẹ̀.

Sábó ni ọ́fíìsì wa wà, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Apá kan nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà ni a ń bá àwọn ará òkè òkun ṣe: wọ́n á gbé iṣẹ́ fún wa, àwọn kan á kọ kóòdù rẹ̀, èmi á sì dán an wò. Ìyẹn ni pé n ó gbá géèmù náà títí, n ó máa wá ibi tó ti ń ṣe ségesège, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Múṣín tí mo dàgbà sí, kò sẹ́ni tó gbà pé iṣẹ́ nìyẹn. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í parọ́, máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Wọ́n ní ó rọrùn láti sọ ju pé ọmọ tí àwọn rán lọ sí yunifásítì ń gbá géèmù lọ.

Géèmù tí wọ́n gbé fún mi jẹ́ ti ọkọ̀ abẹ́ omi, ọkọ̀ ogun tó máa ń rìn nísàlẹ̀ òkun. Ìwọ ni ọ̀gá ọkọ̀. O ò lè rí ìta àfi nípa páìpù gígùn kan tí wàá yọ sókè omi díẹ̀, tí awò wà lórí rẹ̀. "Ọrùn" là ń pè é ní ọ́fíìsì, torí bí ìjàpá ṣe máa ń yọ orí jáde nínú igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe rí. Ọta tí ọkọ̀ náà ń yìn kì í fò bíi ti ìbọn, ó ń wẹ̀ lábẹ́ omi ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Bí o bá yìn ín sí ibi tí o ti rí ọkọ̀ ọ̀tá, ọkọ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ máa wà ni wàá yìn ín sí. Kí o tó lè mọ ibi tó máa wà, o gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń sáré tó, géèmù náà kò sì ní sọ ìyẹn fún ọ. Ìwọ ni wàá wá a.

Ẹ̀gbọ́n Dépò ni wọ́n kọ́ mi. Àwọn ni wọ́n kọ kóòdù ìṣirò eré ọkọ̀ nínú géèmù náà. Wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ṣíbí kékeré bu epo. Wọ́n pè mí sójú fèrèsé, wọ́n nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n fi dènà olè.

"Má wo nǹkan mìíràn. Irin yìí nìkan ni kó o máa wò. Ṣó o rí ọkọ̀ epo tó ń bọ̀ yẹn? Bí imú ẹ̀ bá ti kan irin, bẹ̀rẹ̀ aago. Bí ìdí ẹ̀ bá kúrò lára irin, dá aago dúró."

Mo yọ fóònù mi, mo ṣí aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Imú ọkọ̀ kan irin, mo tẹ̀ ẹ́. Ìdí ọkọ̀ kúrò, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.

"Ó dáa. Ọkọ̀ epo yẹn á gùn tó mítà méjìlá. Mítà méjìlá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Mítà mélòó ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan?"

"Mẹ́rin, sà."

"O ti di ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi. Lọ jókòó."

Bó ṣe rí nìyẹn. Nínú géèmù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín awò, òun ló dípò irin fèrèsé. Ìwé àwòrán kan wà tí wàá fi dá ọkọ̀ mọ̀, tó máa sọ gígùn rẹ̀ fún ọ. Ọkọ̀ tìrẹ nìkan ni o gbọ́dọ̀ dá dúró sójú kan, torí bí irin fèrèsé bá ń rìn, kò sí ohun tí o lè fi í wọ̀n. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ohun tó ń kọjá nísàlẹ̀ ni mo ń wọ̀n: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọmọlanke, ajá. Mo fẹ́ wọn ìyá ẹlẹ́pà kan, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n Dépò bi mí pé mítà mélòó ni ìyá náà látiwájú dẹ́yìn, mo bá jáwọ́.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti fi mọ̀ bóyá mo tó gbà síṣẹ́, nítorí náà wọ́n ń dán èmi náà wò bí mo ṣe ń dán géèmù wò. Ní oṣù kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tí kò yé mi. Ọkọ̀ ẹrù kan wà tó gùn tó ọgọ́fà mítà. Láàárọ̀, ogún ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń kọjá lójú ìlà, ìyẹn mítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mo bá fi mẹ́fà ṣe ìṣirò, ọta á bà á, á sì rì. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ kan náà, lórí òkun kan náà, á gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlélógún. Mítà márùn-ún nìyẹn. Mo gbà pé ó ń falẹ̀ ni, mo fi márùn-ún ṣe ìṣirò, ọta sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bó bá ń falẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kí ọta bà á. Bí kò bá falẹ̀, kí ló dé tí aago mi sọ pé ó falẹ̀?

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Láàárọ̀, ó ń bà á. Lọ́sàn-án, ó ń tàsé. Kì í tún wá ṣe gbogbo ọ̀sán, èyí ló dà mí lọ́kàn rú jù. Mo yẹ ọkọ̀ tèmi wò bóyá ó ń sún díẹ̀díẹ̀. Ó dúró gbọn-in. Mo yẹ ìwé àwòrán wò. Ọgọ́fà mítà náà ni. Ohun tó kù lójú mi kò ju ìṣirò tó wà nínú géèmù lọ, ìṣirò Ẹ̀gbọ́n Dépò.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ bá wọn nídìí tábìlì wọn, kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n aláṣejù ni mí, ara mi sì ti ń yá gágá láti fi hàn pé mo mọṣẹ́. Ìpàdé ọjọ́ Ajé ni mo gbé e lọ tààrà, níbi tí ọkùnrin tó ni géèmù náà ti máa ń bá wa sọ̀rọ̀ láti òkè òkun lójú kọ̀ǹpútà. Mo ka àkọsílẹ̀ mi látòkè délẹ̀. Mo ní ìṣirò eré ọkọ̀ kò péye. Mo tiẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ kún un pé géèmù náà máa ń gbàgbé ìṣirò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Dépò kàn ń wo ẹnu bíírò wọn.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkùnrin náà ti kọ lẹ́tà sí wa: ní ọjọ́ Ẹtì, kí a fi àṣìṣe náà han òun lójú òun. Bó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, yóò gba apá ìṣirò lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Dépò, yóò gbé e fún àwọn mìíràn nílùú tirẹ̀. Ọdún méjì ni Ẹ̀gbọ́n Dépò ti wà lórí iṣẹ́ yẹn, ọ́fíìsì wa kò sì ní òmíràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀ fún wọn. Bí ọkùnrin náà bá gbà á, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Dépò.

Àǹtí Ṣọlá pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Bùnmi, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ma."

"Ṣó o mọ ohun tó o ń sọ pé ó dá ẹ lójú yẹn? Iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni o."

Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ṣì wò mí fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀gbọ́n Dépò gbá géèmù náà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn níṣojú mi, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Wọ́n wọn ọkọ̀ ẹrù náà nígbà mẹ́fà, ó rì nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lórí tèmi, láago méjì ọ̀sán, ó tàsé. Wọ́n rọra bi mí bóyá mo tẹ aago bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ìka mi kọ́ ló kọ kóòdù," mo ní.

Wọ́n wò mí, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé mo ti ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e padà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé àlàyé mi kò bá ohun tí mo fi ojú ara mi rí mu mọ́. Bí ìṣirò wọn bá burú, ó yẹ kó burú lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì.

Ìwáyà ni mo gbé yàrá, kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mi ò lè jókòó sílé. Mo lọ sétí omi, mo wá òpó kan tí mo lè fi ṣe ìlà, mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọkọ̀ tòótọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló ní àléébù. Bàbá Olúwọlé wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé èèyàn láàárín Ìwáyà àti Makoko. Wọ́n ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n wò mí títí, ara wọn ò gbà á mọ́.

"Ọmọ yìí, kí lò ń wá lára òpó yẹn?"

Mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ wọ́n mi orí.

"Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì bá ń bọ̀, ó yẹ kí n mọ̀ bóyá màá lè sọdá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Màá wò ó láti òpó kan dé èkejì, màá máa ka àjẹ̀ mi."

"Báwo lẹ ṣe ń ka àjẹ̀, Bàbá?"

"Ṣebí mò ń tukọ̀ lọ? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti àjẹ̀ bọ omi, ọ̀kan nìyẹn. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì bá gba àjẹ̀ mẹ́jọ kó tó dé òpó kejì, mo lè sọdá. Bó bá gba mẹ́fà, màá dúró fún un. Ìyẹn láàárọ̀ o. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó gba mẹ́jọ láàárọ̀ á máa gba mẹ́fà."

"Ṣé wọ́n máa ń sáré sí i nírọ̀lẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí igbá ìgbọ́nmi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn nígbà tí mo wà léwe. Mo ní wèrè máa ń gùn wọ́n nírọ̀lẹ́, mo sì máa ń bú wọn. Àṣé apá mi ló ti rẹ̀! Àjẹ̀ mi ò yá bíi ti àárọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ti yẹ ọkọ̀ wò, mo ti yẹ ìlà wò, mo ti yẹ gígùn wò. Mi ò tíì yẹ aago wò. Lóòótọ́, kò lè rẹ fóònù. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń ka àkókò lórí tábìlì mi, fóònù mi àti géèmù náà. Bó bá rẹ ọ̀kan, tí kò rẹ èkejì ńkọ́? Mo sáré dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Olúwọlé, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ délé.

Aago kan wà nínú géèmù náà. Kò sẹ́ni tó ń lò ó ní ọ́fíìsì, torí bí o bá ṣí i, á bo ìdajì awò, fóònù sì yá jù ú lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí i, mo sì gbé fóònù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárọ̀, àwọn méjèèjì jọ ń rìn bí ìbejì: ogún, ogún. Mo wá dúró de ọ̀sán. Nígbà tí aago kan kọjá díẹ̀, fáànù tó wà lókè orí mi rọra dúró. Iná ti lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iná ọ́fíìsì wa. A ní ínfátà, tó máa ń fi bátìrì ńlá gbé iná fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Kò lágbára púpọ̀, torí náà tábìlì àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan ni wọ́n so mọ́ ọn. Àwa tó ń dán géèmù wò, bátìrì inú láàpútọ́ọ̀pù wa là ń lò títí iná á fi dé. Mo ti kọ wákàtí sínú àkọsílẹ̀ mi, mo ti kọ orúkọ ọkọ̀, mo ti kọ bí ìgbì ṣe ga tó. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná lọ. Láti kékeré ni iná ti ń lọ lójú mi, mi ò kà á mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo wọn ọkọ̀ ẹrù náà. Aago inú géèmù sọ pé ogún. Fóònù sọ pé mẹ́rìnlélógún.

Láàpútọ́ọ̀pù mi ló ń rẹ̀. Bí kò bá ti sí iná, ó ń dín agbára kù kí bátìrì má baà tán kíá, gbogbo ohun tó wà nínú géèmù á sì jọ máa falẹ̀ pọ̀: òkun, ọkọ̀, ọta, aago. Nínú ayé tiwọn lọ́hùn-ún, ọkọ̀ náà kò falẹ̀ rárá. Èmi tí mo jókòó síta, tí mò ń fi aago ayé tèmi wọ̀n ọ́n, ni mo rò bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Dépò kì í kúrò lórí ínfátà, ìdí nìyẹn tí tiwọn kì í fi í tàsé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: fún bí ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn gan-an, mo fẹ́ pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n Dépò wà nídìí tábìlì wọn, wọ́n ń ka kóòdù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń wá a. Ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n.

"Bùnmi, ṣó o ti jẹun?"

"Rárá, sà."

Wọ́n na ọ̀rá ẹ̀pà wọn sí mi, mo gbà á. Ìtìjú bò mí. Mi ò lè jẹ ẹ̀pà náà, mi ò sì lè la ẹnu sọ ohun tí mo ti rí. Mo jókòó títí wọ́n fi kó ẹrù wọn tí wọ́n sì lọ sílé.

Ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà yọ nínú rẹ̀. Mo lè sọ lọ́jọ́ Ẹtì pé a ti rí àṣìṣe náà, a sì ti tún un ṣe. Ọkùnrin náà á gbà. Ẹ̀gbọ́n Dépò pàápàá lè gbà pé àwọn ti tún nǹkan kan ṣe láìmọ̀. Mo rò ó láti Sábó títí dé Ìwáyà. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni àkọsílẹ̀ mi á tún wúlò fún lẹ́yìn ìyẹn? Ẹni tó ń dán nǹkan wò, ohun tó bá sọ pé òun rí nìkan ló ní.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a jókòó yí kọ̀ǹpútà ńlá Àǹtí Ṣọlá ká. Ọkùnrin náà yọjú nínú rẹ̀, ó ní kí n fi àṣìṣe náà han òun.

"Màá fi hàn yín, sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mo sọ ló wà."

Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù mi síbi tó ti lè rí i, mo gbé fóònù tì í. Mo wọn ọkọ̀ ẹrù náà nígbà tí iná wà. Lẹ́yìn náà, mo fa wáyà yọ kúrò lára ògiri, mo tún un wọ̀n. Ogún àti ogún. Ogún àti mẹ́rìnlélógún. Mo ní, "Ìṣirò Ẹ̀gbọ́n Dépò péye. Èmi ni mo lo aago tí kò yẹ, tí mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo kà lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀bi mi ni."

Ó ní kí n tún wáyà náà fà yọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá béèrè ìdí tí mo fi ń lo bátìrì láàárín wákàtí iṣẹ́. Àǹtí Ṣọlá dá a lóhùn pé nítorí kò sí iná ni.

"Fún wákàtí mélòó?"

"Bó bá ṣe wù ú ni."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀ fúngbà pípẹ́. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń dán géèmù náà wò fún òun, kò sẹ́ni tó ronú láti fa wáyà yọ rí. Ó ní kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Dépò, kí wọ́n sì wá bí aago inú géèmù á ṣe máa hàn létí awò láìbo nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má baà nílò fóònù mọ́.

Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ìgbà náà ni Àǹtí Ṣọlá wò mí, tí wọ́n sì fi ojú tọ́ka sí Ẹ̀gbọ́n Dépò, bí ìyá ṣe máa ń fi ojú bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Ó yé mi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, mi ò tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́, níwájú gbogbo èèyàn náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé orúnkún méjèèjì lé ilẹ̀ táìlì tútù, nínú ọ́fíìsì tí gbogbo wa ti ń wọ jíǹsì, tí a kì í ṣe ju kí a juwọ́ síra wa láàárọ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ wá bá yín. Ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀gbọ́n Dépò ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo kóòdù tí kò tíì yé wọn. Àṣé bí mo ṣe kúnlẹ̀, mo ti kúrò lójú ọkùnrin inú kọ̀ǹpútà pátápátá. A gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọmọbìnrin yẹn wọlé sí?"

Ẹ̀gbọ́n Dépò gbójú sókè sí i. Láti ọjọ́ Ajé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín wọn.

"Ó ti wọ abẹ́ omi lọ," wọ́n ní. Wọ́n na ọwọ́ sí mi nísàlẹ̀ níbi tí mo wà. "Ó ń bọ̀ lókè báyìí."